Òwú Pupa Lára Tòmátì

Orí ìkúnlẹ̀ ni màmá àgbà wà nídìí ọlọ, wọ́n ń fi ìka wá hóró tòmátì nínú omi tí mo fi ṣan ọlọ. Ìborùn funfun tí wọ́n wọ̀ lọ sí àsàlátù ṣì wà lórí wọn. Èmi dúró ti ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó.

Àwọn ló bí ìyá mi, àwọn náà ló tọ́ mi nígbà tí ìyá mi kú. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége ò ju kí èèyàn méjì jókòó síbẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n to ike ọ̀dà síbẹ̀, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n ń gbin tòmátì. Kì í ṣe roboto olómi yẹn o. Gbọọrọ ni, ó lẹ́ran, kì í pẹ́ lórí iná tí ọbẹ̀ fi ń ki. Ìyá mi ló mú irúgbìn rẹ̀ wá. Láràárọ̀, tí òórùn búrẹ́dì bá ti ń wá láti ilé búrẹ́dì ẹ̀yìn wa, màmá àgbà á ti máa já ewé gbígbẹ, wọ́n á máa bá tòmátì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Èso tó bá kọ́kọ́ pọ́n, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n á so òwú pupa mọ́ ọn kó lè gbó dáadáa, kí wọ́n tó fi eérú ra hóró rẹ̀ pa mọ́ de ọdún tó ń bọ̀.

"Ti ìyá ẹ nìyí," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Lọ́dún yẹn òjò pọ̀ jù, omi pa gbogbo igi náà àfi ẹyọ kan tó so mẹ́rin. Òun náà ti ń rọ. Ọjọ́ Àìkú, wọ́n lọ sí àsàlátù, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá ní kí n se ọbẹ̀ dè wọ́n, kí wọ́n lè yìn mí. Tòmátì mẹ́ta tí kò ní òwú ò tó. Mo rí òwú náà o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú u.

"Yéè! Ta ló tú òwú mi?" Igbe tí wọ́n ké nìyẹn nígbà tí wọ́n wọlé.

Wọn ò rí hóró kan tó pé nínú omi náà. Mo kúnlẹ̀. "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde, ọkọ mi. Bu ọbẹ̀ wá, ká jẹun."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu abọ́ lá, ẹni tí kì í lá abọ́ rí. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ balùwẹ̀, wọ́n ṣí omi sílẹ̀ kí n má bàa gbọ́ ẹkún wọn. Mo gbọ́.

Àánú wọn ṣe mí ju kí n sùn lọ. Mo ra tòmátì gbọọrọ ní Dópẹ̀mú, mo sá hóró rẹ̀, mo fi eérú ra á, mo wá parọ́ pé hóró ti ìyá mi ni, pé mo rí i lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbìn ín. Nígbà tó so, wọ́n fọwọ́ pa èyí tó kọ́kọ́ pọ́n lára, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí títí.

"Ó jọ ọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n sì so òwú pupa mọ́ ọn.

Wọn ò sọ̀rọ̀ hóró náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀yìnkùlé mi ni tòmátì náà wà báyìí, ọmọ mi ló ń bomi rin ín. Tó bá bi mí pé ti ta ni èyí tí mo so òwú mọ́, ẹnu mi fẹ́ sọ pé ti ìyá mi ni. Ti ìyá mi ti tán nínú ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ti màmá àgbà lèyí, tí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ti ọmọ wọn, tí wọ́n sì so òwú mọ́ nítorí mi.