Ẹ̀wà Àlejò àti Ófùn Tí A Ò Tan Rí

Láti ọjọ́ tí a ti ra sítóófù gáàsì alófùn wa ní Ìdímù, a ò tan ófùn rẹ̀ rí. Àpótí ni ìyàwó mi fi í ṣe: ìdérí ìkòkò, páànù àkàrà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Kò dùn mí. Èmi kì í bá gáàsì ṣeré. Bí wọ́n bá ń tan orí rẹ̀ lásán, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà, bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló gbé iṣẹ́ dé. Ó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ń bọ̀. Màmá yẹn ò tíì jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ rí. Ọmọ náà ti ṣèlérí ẹ̀wà kan fún un, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kúnná, tí wọ́n ń po ata, àlùbọ́sà àti wàrà mọ́, tí wọ́n á wá yan nínú ófùn títí orí rẹ̀ á fi pọ́n. Gbígbóná ni wọ́n ń fi ìpékeré bu ú jẹ.

Ó ti pò ó tán sínú àwo irin nígbà tí ìyàwó mi pè é láti Ẹ̀gbẹ́dá pé kó wá bá òun gbé ohun mímu.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan ófùn kó ti gbóná dè mí. Àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi?"

Ó lọ. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo kó ẹrù inú ófùn jáde. Mo fi òwú so ìṣáná mọ́ ẹnu ọ̀pá ìgbálẹ̀. Mo ní Bísímílà, mo tún un sọ, bóyá ti àkọ́kọ́ ò wọlé. Mo ṣáná sí i, mo ṣí gáàsì, mo yíjú sẹ́yìn, mo na ọ̀pá. Fùú! Ó ràn. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo yan kọjá bí ọ̀gá.

Ni èéfín dúdú bá ń yọ. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí ìyàwó mi ń kó ọ̀rá ọjà sí ló há sí ẹ̀yìn ófùn, mi ò rí i. Obìnrin ilé wa kì í ju ọ̀rá nù. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti ọ̀rá? Sílíńdà ni mo rò. Ẹsẹ̀ mi ò bi mí léèrè kó tó gbé mi dé géètì.

Ibẹ̀ ni màmá àfẹ́sọ́nà bá mi, ó ti tètè dé, ọ̀pá ìgbálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Atẹ́gùn ni mò ń gbà."

Ó fa imú. "Atẹ́gùn yín ń rùn o. Ẹ ti pa gáàsì?"

Mo fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn mi.

"Ẹ lọ pa á jàre. Mo wà lẹ́yìn yín."

Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, ó ti wà ní òdìkejì títì.

Ká ní tèmi nìkan ni, ilé ì bá jó. Ṣùgbọ́n àwo ẹ̀wà ọmọ yẹn wà lórí tábìlì. Mo rá wọlé bí ọmọ ọwọ́, mo yí orí sílíńdà pa. Mo fọwọ́ kan irùngbọ̀n mi. Ó ṣì wà.

Òórùn ọ̀rá ti ba ófùn jẹ́. Màmá wọlé, ó wo àwo ẹ̀wà, ó wò mí.

"Ẹ bu yanrìn wá. Kéèkì ìgbéyàwó mi gan-an, inú ìkòkò oníyanrìn ni wọ́n ti yan án."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àna ni yín, ẹ ò gbọdọ̀..."

"Yanrìn, sà."

Mo bu ú níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó dà á sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, ó gbé àwo lé e, ó dé e, ó gbé e ka àdògán èédú lẹ́yìn ilé, ó kó ẹyin iná sórí ìdérí.

Bí ọmọ wa ṣe ṣáájú ìyàwó mi wọlé nìyẹn, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́la tó ń fẹ́ná, tó di gèlè mọ́ ìdí. Ó ju ohun mímu sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà! Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe?"

Nígbà tí ẹ̀wà jinná, Màmá ṣí ìkòkò, ó fi ìpékeré bu ẹ̀wà, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, gáàsì ò mọ̀ nípa rẹ̀.

"Ó dùn," ló wí. "Ìyàwó mi, dìde nílẹ̀. Tó o bá dé ilé wa, tan ófùn bó o ṣe fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ yìí ṣá, pálọ̀ ni kí wọ́n máa jókòó sí."

Mo ní kò burú. Mo kàn bi í bóyá pálọ̀ wọn jìnnà sí ilé ìdáná dáadáa.