Ọdún Tí A Kò Já ní Líìgì Ítálì

Àwa mẹ́rin là ń gbé yàrá kan ní Sharjah, bọ́ńkì méjì, fèrèsé kan. Kíláàbù London ni àwa mẹ́ta ń tì lẹ́yìn. Ẹnì kẹrin ni ẹ̀gbọ́n wa, àgbà yàrá, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Deira, ní Dubai. Kíláàbù kékeré kan ní Ítálì ni tiwọn. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé láti Èkó ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mo ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló gbé yín débẹ̀?"

"Àbúrò, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbálẹ̀ pápá ìṣeré wọn. Kò sí ìjókòó kan níbẹ̀ tí mi ò nù rí."

Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àtìpó kí wọ́n tó wá sí Dubai. Ojú wọn ni kíláàbù náà ṣe já kúrò ní líìgì àgbà. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà, nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ, àwọn bàbá arúgbó kan ṣì jókòó, wọn ò lè dìde. Ẹ̀gbọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà bu búrẹ́dì fún ẹ̀gbọ́n. "Àtọjọ́ yẹn ni mo ti di ọmọ ilé," báyìí ni wọ́n wí.

Ọdún tí mo dé gan-an ni kíláàbù náà padà sókè. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ burú. Wọ́n lù wọ́n nílé, wọ́n lù wọ́n lóko. Àwọn ará yàrá wa yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ti tiwa lẹ́yìn, kí ẹ̀jẹ̀ ríru má pa yín." Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ sìkiọ́rítì ni mo ń ṣe lẹ́nu géètì ilé kan ní Al Baraha, ọjọ́ Àìkú sì ni ìsinmi mi. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n a yà sí ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi, níbi tí ará India tó ni ín ti máa ń bá wa wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kíláàbù náà lórí tẹlifísàn rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, nítorí tíì oníwàrà rẹ̀ ni mo ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, gólì wa mú pẹnáritì méjì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà tí màá fi mọ̀, orí àga ni mo dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n wò mí láti ìsàlẹ̀. "Káàbọ̀ sílé, àbúrò."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé "àwa". A ta ọ̀mì níhìn-ín, a borí lọ́hùn-ún, títí tó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Bí a bá borí, a ò ní já. Ilé ọ̀kan nínú àwọn kíláàbù ńlá ibẹ̀ la sì ti máa gbá a.

Ọ̀gá mi fi mí síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ ará Nepal tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo bá a ṣiṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀, ó gba Àìkú mi. A wọ ilé oúnjẹ náà, kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò! Gbogbo àga kún. Ẹni tó ni ibẹ̀ na ọwọ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní apá òun ò ká a.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Hindi tí wọ́n kọ́ nílé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ti ìgbálẹ̀, wọ́n sọ ti àwọn bàbá arúgbó. Awakọ̀ takisí kan, ará Pakistan onírùngbọ̀n pupa, béèrè pé, "Tí wọn ò bá borí ńkọ́?"

"Wọ́n á já."

"Khalas, ó parí. Kíríkẹ́ẹ̀tì ò lọ ibì kankan. Ẹ yí tẹlifísàn náà."

Kíláàbù ńlá náà ló kọ́kọ́ gbá góòlù sáwọ̀n wa. Lẹ́yìn ìsinmi, a fi orí kan ọ̀kan wọlé láti igun pápá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ẹnì kan nínú wa yìnbọn bọ́ọ̀lù, ó ba òpó, ó padà, ó gba ẹsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wọn wọlé. Ilé oúnjẹ náà mì tìtì. Onírùngbọ̀n pupa gbé ẹ̀gbọ́n sókè bí ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ sáré wọlé wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kún un. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri.

"Ibo ni bọ́ọ̀lù wà?"

"Ó wà lọ́wọ́ gólì wa."

"Báyìí ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbà á. Wọ́n ń bọ̀."

"Jésù!"

"Ó ti fò kọjá lókè! Ẹ yíjú, ẹ̀gbọ́n, rẹfirí ti fọn fèrè!"

Wọn ò yíjú. Wọ́n gbé orí lé ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni fóònù wọn dún. Ẹni tí wọ́n jọ gbálẹ̀ ní Ítálì ni. Wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn lédè tí mi ò gbọ́, mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti inú fóònù náà, gbogbo ilé oúnjẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò ní ohùn. Ọwọ́ ni mo fi ń kí àwọn onílé lẹ́nu géètì. Obìnrin kan dúró, ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo tiraka sọ fún un pé a ò já. Kò mọ ohun tí mò ń wí, ṣùgbọ́n ó bá mi yọ̀.