Ọjọ́ Tí Màmá Gbé Sàláàdì Kaná

Ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé sàláàdì Amẹ́ríkà wọ ilé wa ní Aké ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ó ní oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn ará ibi tí òun àti ọkọ òun ń gbé ni. Ìbílẹ̀ kẹ̀! Jẹ́lì, ohun dídùn tó máa ń dì nínú fíríìjì, ni wọ́n fi ṣe é; ó ń gbọ̀n lórí àwo bí ẹni tí ibà ń ṣe, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ọṣẹ ìfọṣọ. Ó dùn bíi súìtì, síbẹ̀ ẹja inú agolo àti kábéèjì ló há sínú rẹ̀.

Ìyàwó wọ yàrá lọ mú síbí. Ni Màmá, ìyá bàbá wa, bá fọwọ́ kan àwo. “Háà, ọbẹ̀ ìyàwó ti dì!” Wọ́n dà á sí ìkòkò, wọ́n gbé e kaná.

Igbe tí ìyàwó ké nígbà tó dé ilé ìdáná, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. “Màmá, ẹ ti yọ́ ọ!” Omi ọṣẹ tó ní kábéèjì nínú ló ń hó.

Màmá fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé e mì tipátipá. “O ṣeun, ìyàwó. Lọ́jọ́ mìíràn, kọ́kọ́ gbé e kaná kó o tó gbé e wá.”

Kò gbé e wá mọ́. Nínú gbogbo oúnjẹ rẹ̀, èyí tí kò sè mọ́ yẹn ló dùn mọ́ mi jù.