Télọ̀ Tó Tẹríba fún Fóònù

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni télọ̀ náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti ń ránṣọ láti ọdún méjìlélógún. Onílé ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ti kán sí onílé lórí. Ó ti sọ ọ́: "Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máṣíìnì ẹ, kó o máa lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, páìpù bẹ́.

Ó wá ibi tí wọ́n ti ń pa omi, kò rí i. Ó mú fóònù. Ẹgbẹ́ kan wà lórí rẹ̀ tí àwọn tó mọ páìpù ti ń dá èèyàn lóhùn. Kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹlòmíì ì bá kọ "Ẹ gbà mí o." Ti télọ̀ kọ́, ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

"Ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo ilé. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú fóònù títẹ̀. Ẹ kú ìnáwó dátà."

Obìnrin kan dáhùn: "A dúpẹ́ o, bàbá. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ṣé èèyàn á kí i kó má dáhùn? Wọ́n kíra títí omi fi mu ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Onílé ti ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni télọ̀ tó kọ ọ́ pé, ẹ má bínú, páìpù òun bẹ́, níbo ni wọ́n ti ń pa á?

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Irin Tútù já lù ú: "Wo ìsàlẹ̀ ògiri. Yí i sọ́tùn-ún. Yára."

Télọ̀ gbàgbé omi. Kò kí òun, ó tún ń pàṣẹ fún òun!

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìwọ ńkọ́?"

Ewú kì í hàn lórí fóònù. Ojú ti télọ̀. Kíkọ ẹ̀bẹ̀ nìkan ò tó lójú rẹ̀. Ó gbé fóònù sórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó tẹríba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan omi.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Kò sì mọ ẹni tó jẹ́ títí dòní.

Ibi tó kúnlẹ̀ sí náà ló wà tí onílé fi ṣílẹ̀kùn. Fìlà rẹ̀ ń kán tó-tó. Èébú ló ń bú bọ̀ látìsàlẹ̀. Ó bá télọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òun gan-an, ó dá èébú dúró.

"Dìde, jọ̀ọ́. Àgbàlagbà bíi tìẹ! Ṣé torí omi lásán? Ó ti tán."

Télọ̀ ò tíì dìde. Níbi tó forí sí, ó rí ibi ìpa omi lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn àpò àkísà. Ó nawọ́, ó yí i sọ́tùn-ún. Omi dá.

"Ẹ ṣeun, sà." Fóònù ló ń wò.

"Kò tọ́pẹ́," onílé ní.

Télọ̀ ò ṣàlàyé. Ó ṣì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn.

Búrẹ́dì ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ló gbé e sí láàárọ̀. Omi ti rẹ ẹ́ dénú, kò tún wá tíì gbígbóná tó máa fi jẹ ẹ́.