Bírò Pupa Kọ Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Ìyàwó Ẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ni ọkùnrin yìí fi jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, tó ń tún ìwé oníwèé ṣe. Bírò Pupa là ń pè é, torí bírò ẹ̀ ò mojú ẹnì kankan. Gbólóhùn tó bá ti gùn, á gé e. Ẹ̀fẹ̀ tó bá yọjú níbi tí kò yẹ, á fagi lé e. Èmi tí mò ń sọ yìí gbé ìwé fún un rí, ojú mi sì rí màbo.

Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń dá kọ̀wé wọ ilé ìtẹ̀wé, tí ọ̀gá ní kó máa lọ sinmi nílé, ẹnu ẹ̀ le. "Ẹ̀rọ mọ òfin èdè, mi ò jiyàn," ó ní. "Ṣé ó mọ ohun tó ń dunni ni?" Gbogbo wa ló gbè é.

Ìyàwó ẹ̀ wá kú láìròtẹ́lẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ sin ín, ó sì yẹ kí ẹnì kan ka ọ̀rọ̀ ìdágbére létí sàréè.

"Bàbá mi, ó ti rẹ̀ yín," ọmọ ẹ̀ obìnrin wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ inú fóònù mi bá yín kọ ọ́."

Bàbá fàáké kọ́rí. "Ẹ̀rọ ló bá ìyá ẹ gbélé ni? Èmi ni màá kọ ọ́." Kò sí ohun mìíràn tó kù tó lè ṣe fún obìnrin náà láyé yìí, òun náà sì mọ̀.

Láàárọ̀ Fúráìdè, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ó kọ bí ìyàwó ẹ̀ ṣe máa ń bú sẹ́rìn-ín kó tó parí ìtàn, débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ìparí ìtàn ẹ̀ rí nínú ilé náà. Ó kọ bó ṣe máa ń bá rédíò jà tí oníròyìn bá parọ́, táá sì ní kí ọkọ òun wá ṣẹlẹ́rìí. Ojú ewé mẹ́rin ló kọ. Omijé ń bọ́, ara sì ń tù ú díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dìde. Ṣùgbọ́n ṣé Bírò Pupa lè rí ohun tí wọ́n kọ kó má fọwọ́ kàn án? Ìjà rédíò ò bójú mu létí sàréè, ó fagi lé e. Ìtàn tí kò níparí ò nítumọ̀, ó fagi lé e. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ku ìdajì ojú ewé, ó mọ́ tónítóní. Ó fa ìyókù ya bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tẹ ohun tí òun ti fagi lé.

Ọmọ ẹ̀ kà á, ó tún un kà.

"Ó dáa, Bàbá mi," ó ní jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà pàpà lo ẹ̀rọ."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọmọ náà wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá lákínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ kejì, ó kà á. "Aya rere ni, abiyamọ tòótọ́, ẹni tó lawọ́ sí gbogbo ènìyàn." Àwọn èèyàn ń mi orí. Àbúrò ìyàwó ẹ̀, tó ti ọ̀nà jíjìn wá, fa apá aṣọ ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Bàbá ká ìwé náà, ó fẹ́ fẹnu sọ ọ́. "Ó máa ń rẹ́rìn-ín," ó ní. Ó wá èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí tó dé ètè ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ti rí àṣìṣe ibẹ̀, ó sì ti dá a padà. Àwọn èèyàn dúró dè é títí. Nígbà tó yá, àbúrò ìyàwó ẹ̀ jọ̀wọ́ apá aṣọ náà, àwọn tó mú ṣọ́bìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í da yẹ̀pẹ̀.