Kimsan Tí Ìwé Ìjọba Ní Ara Rẹ̀ Ti Yá

Mo wa òkúta iyebíye sàfáyà ní Pailin, ní ilẹ̀ Kàǹbódíà níbí, lábẹ́ ìbọn. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi lójú mi. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣa igi tí wọn yóò fi sun òkú mi jọ. Ìwé kejì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbà èso longan mi lẹ́bàá títì: dókítà wo ló ní irú rẹ̀? Èmi Ngin Saroeun kò kú. Peou Kimsan, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ló kú lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá.

Òun ni òṣìṣẹ́ ibà abúlé wa. Ibà ti ọ̀dọ̀ wa ti kọ́ bí a ṣe ń fi oògùn ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, bí èèyàn bá ti lo oògùn, Kimsan á wá gún un níka ní ọjọ́ kẹta, á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà, kí àwọn olùwádìí lè mọ̀ bóyá oògùn ṣì ń pa kòkòrò ibà. Odò ì báà kún, ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ kẹta.

"Bàbá, ẹ mú ìka wá," ló sọ fún mi nígbà tí ibà mú mi kẹ́yìn.

"Ara mi ti yá, ọmọ mi. Ìyàwó mi ti fi ṣíbí ha mí lẹ́yìn bí àwọn àgbà wa ṣe ń wo ibà, ibà ti lọ."

"Wọ́n ṣeun. Ẹ̀jẹ̀ yín ni mo fẹ́ bi léèrè. Ẹni tí kò sá fún ìbọn, ó wá ń sá fún abẹ́rẹ́."

Nígbà tí ibà mú òun náà, ó lo oògùn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ibà kò lọ. Òfin wọn ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gún ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wá. Ó pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ibà. Wọ́n ní ọkọ̀ ti gbé àwọn ọ̀gá lọ sípàdé. Ìpàdé lórí kí ni? Lórí bí wọn yóò ṣe máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo aláìsàn ní ọjọ́ kẹta. Mo gbọ́ pé oúnjẹ ibẹ̀ dára.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé ọkọ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Kimsan, dìde, ká lọ sílé ìwòsàn."

"Wọ́n ń bọ̀, Bàbá. Bí wọn ò bá bá mi nílé, ìlà mi á ṣófo nínú ìwé."

Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí mo gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kẹrin, kò mọ̀ mí mọ́. Ọjọ́ kẹfà ló kú.

Lẹ́yìn tí a sun òkú rẹ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kàwé, ṣùgbọ́n mo kà á. Níwájú orúkọ Kimsan, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ kẹta: kòkòrò ti tán. Ara ti yá."

"Ta ló gún un?" mo bi akọ̀wé.

"Bàbá, a kì í fi àlàfo ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá lókè."

Bẹ́ẹ̀ ni Kimsan ṣe di ọ̀kan lára àwọn tí oògùn wò sàn. Lórí ẹ̀rí rẹ̀, oògùn kan náà ni wọn yóò fún ọmọ yín lọ́la. Ìlà mélòó ló tún wà bẹ́ẹ̀? Àwọn wo nínú àwọn tí wọ́n ní ara wọn ti yá ni a ti sun òkú wọn?

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti ìyá rẹ̀ yóò lọ jókòó ní ọ́fíìsì náà. A óò gbé ìrẹsì wa dání. A kò ní dìde títí wọn yóò fi fagi lé "ara ti yá", kí wọ́n kọ "ó kú" sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó kọ irọ́ náà sì fọwọ́ sí i lójú ìyá tó bí Kimsan.