Bí Ìyàwó Mi Ṣe Fi Ẹbí Mi Kọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí àwọn tó ń gbé e kiri àdúgbò ti bù mọ́ ọn jù. Wọ́n ní ìyàwó mi jókòó, ó mú bírò, ó bú ẹbí mi látòkè délẹ̀ sínú ìwé. Irọ́ ńlá! Ìyàwó mi ò bú ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ń kàwé ni.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju yàrá kan lọ, dígí méjì, àga mẹ́ta. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì nílé ìwòsàn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń tẹ orúkọ aláìsàn sára káàdì, débi pé Atẹ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é, àti dókítà àti agbálẹ̀. Aláìsàn ò ní tíì jókòó tán tí á ti na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀, á sì fa káàdì onítọ̀hún yọ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn ẹ̀.

Àfìgbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n fún gbogbo wọn ní lẹ́tà: láàárín oṣù méjì, kí kálukú kọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe rí, inú rẹ̀ àti ìta rẹ̀, kó sì wá dáhùn ìbéèrè lẹ́nu níwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá yege, á padà sórí àga rẹ̀. Ẹni tó bá kùnà, ó di ilé ìfọṣọ, kó lọ máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìyàwó mi ò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn wa. Ọ̀sẹ̀ kan nílé ìfọṣọ, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbé e wálé. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó ká a, ó ní, "Olówó orí mi, iṣẹ́ mi ti ń lọ o."

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń kọ́ wọn. Ọmọ Wáyà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sígbà tí ẹ máa rí i tí wáyà ò ní wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé kò rántí pé ẹnì kan lè wà láyé tí kò mọ̀ ọ́n. Á sọ̀rọ̀ wuruwuru, ìyàwó mi á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á sì gbé ìwé náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kí n máa bi í. Mo máa ń fi ọwọ́ kan di ìwé mú, mo sì ń fi èkejì gẹrun.

"Kí ni ráàmù?"

"Ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí."

"Kí ni háàdì dísìkì?"

"Ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí."

"Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn?"

Oníbàárà tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ló dáhùn, ó ní, "Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan ń jẹ́ ráàmù."

Inú bí mi, mo gẹ irun ọkùnrin náà wọ́. Mo bá kọjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Ṣé orí lo gbé síbẹ̀ yẹn àbí ajere?" Omijé ló bọ́ sórí ìwé. Háà, ojú tì mí. Èmi tí mò ń pariwo yìí, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ náà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí títí di ọjọ́ Sátidé kan tí a lọ kí ìyá mi. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ń sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gùn láyé wọn. Wọ́n rántí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n rántí ọ̀gbun tí wọ́n gbé e wọ̀, wọ́n rántí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àárín ìtàn ni oorun gbé wọn lọ. Kò pẹ́, wọ́n tají. Màmá ní, "Kẹ̀kẹ́ náà wá ńkọ́?" Bàbá Kékeré ní, "Kẹ̀kẹ́ wo?"

Ìyàwó mi pariwo: "Ráàmù!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ó ní ikọ́ ni. Àfìgbà tí a dé títì tó di ara ògiri mú, tó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Kékeré ni ráàmù! Tí wọ́n bá wà lójúfò, gbogbo ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ ló wà lórí wọn. Iná lọ báyìí, ó tán."

"Háàdì dísìkì ńkọ́?"

"Ìyá yín ni! Iná lọ, iná dé, ọdún yí po, ohun tí wọ́n ti gbà sínú ṣì wà ńbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, kò kùnà mọ́. Ìyàwó àbúrò mi ni họ́ọ̀bù, ohun tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, àmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi rán an sí ẹnì kan, gbogbo ilé ló máa gbé e dé. Èmi ni súwíìṣì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n súwíìṣì máa ń wo ẹni tó ni ọ̀rọ̀, òun nìkan ló sì máa gbé e fún. Ìyàwó mi alára ni pòròsẹ́sọ̀, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́, tí orí rẹ̀ sì ń gbóná. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo ń bi í, ó ń dáhùn wàràwàrà. Orí mi wú. Mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bóyá wọ́n á fi í ṣe ọ̀gá.

Ẹ wá wo àìsàn tí mo fọwọ́ ara mi fà. Mo jáde lọ ra abẹ, mo gbàgbé ìwé náà sórí àga. Ta ló wọlé? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn yẹn náà. Nígbà tí mo fi máa padà, wọ́n ti gbé dígí ojú wọn wọ̀, ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn.

"Ka èyí fún mi," ni wọ́n wí.

Mo kà á. "'Fáànù: Àǹtí. Kì í ṣírò, kì í tọ́jú nǹkan, kì í gbé ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ariwo ló ń pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.'"

"Ta ni Àǹtí?"

Mo ní, "Àǹtí pọ̀ láyé, Àǹtí mi."

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, ní pálọ̀ Màmá. Ìdánwò ku ọ̀la! Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Màmá wà lórí àga wọn, Bàbá Kékeré fara ti ògiri, àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, ìyàwó mi kúnlẹ̀ láàárín. Àǹtí dúró, ìwé lọ́wọ́.

"'Ráàmù: Bàbá Kékeré. Tí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ parẹ́.' Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó kọ nípa yín?"

Bàbá Kékeré ti sùn. Wọ́n jí wọn. Wọ́n wò wá yíká, wọ́n ní, "Ta ló ń gbéyàwó?" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde síta.

"Kí ló kọ nípa tèmi?" ni Màmá bèèrè.

"'Háàdì dísìkì: Màmá. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́.'"

"Ó mọ̀ mí," ni Màmá wí. "Ṣebí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá síbí, bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ já. Ó rò pé mi ò rí i."

Ó kan ìyàwó àbúrò mi. Ó fò dìde. "Èmi? Èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ kiri? Ta ni mo sọ kí ni fún?" Ibi tó ti ń jà yẹn ni Màmá ti rí obìnrin mẹ́ta lójú fèrèsé. Màmá ní, "Ta ló pè yín?" Wọ́n ní ìyàwó àbúrò mi ló sọ fáwọn pé ìpàdé wà, pé káwọn tètè wá kí ibi ìdúró má baà tán.

Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, àfi Àǹtí. Wọ́n ka tiwọn, ohùn wọn sì yí padà bí wọ́n ṣe ń kà á. "Kò tiẹ̀ pè mí ní 'wọ́n'. 'Ó' ló kọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ. Ariwo nìkan lo rí?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ìdajì ló wà níbẹ̀, mi ò tíì kọ ìyókù..."

"Dákẹ́! Gbé ọwọ́ sókè. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí pe ẹ̀rọ mọ́. Búra."

Ó búra. Mo ní, "Àǹtí, ìdánwò yẹn, ọ̀la ni o..." Wọ́n wò mí. Mo pa ẹnu mọ́. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí a délé, mo ní kó máa fi ọkàn pè é, ta ló máa mọ̀? Ó ní ẹyin lohùn, òun ti búra. Ó gbìyànjú láti kọ́ ọ láìlo orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ti pòórá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sìn ín lọ. Ta la bá lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Àǹtí. Wọ́n ní àwọn wá wò ó bóyá á pa ìbúra mọ́. Ooru mú, wọn ò ti ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò, à ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ketekete. Èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì: ọ̀gá yàrá káàdì, Ọmọ Wáyà, àti ọ̀gá kan tó ti ibòmíì wá, tí kì í rẹ́rìn-ín.

"Kí ni ráàmù?" ni ọ̀gá àlejò bi í.

Ìyàwó mi bojú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí Àǹtí, ó gbé ojú sílẹ̀.

"Háàdì dísìkì ńkọ́?"

"Ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí, sà."

Mo di orí mi mú. A ti padà síbi ajere.

"Bí kọ̀ǹpútà bá ń gbóná bí iná, tó sì ń dédé pa ara rẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ wò?"

Ó tún bojú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sílẹ̀. "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ bá wa pe ẹni tó kàn."

Ìyàwó mi ò dìde. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo ti búra fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé mi ò ní pè é mọ́ ni."

Ọkùnrin náà bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Kí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń wá nínú kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, tí ẹ̀yìn mi dá, ẹni yẹn wá bá mi gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n pariwo mọ́ mi kí n jẹun. Wọ́n pariwo mọ́ dókítà. Wọ́n pariwo mọ́ ọkọ mi, ó sì tọ́ sí i. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, ilé pa rọ́rọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè dìde, mo sunkún títí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ariwo yẹn ló gbé mi ró." Ó nu ojú. "Ẹ̀rọ tó ń gbóná tó ń pa ara rẹ̀, ẹni yẹn ni kò sí níbẹ̀, sà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò."

Mo yíjú sí Àǹtí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí wọn tí wọn ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n sì wọlé láìkanlẹ̀kùn.

"Pè é!" ni wọ́n wí. "Mo ti tú ìbúra náà. Ìyàwó, pè é!"

Ọ̀gá àlejò dìde. "Màmá, ta ni yín nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Àǹtí na ara wọn. "Èmi ni fáànù."

Ọ̀gá náà wo Ọmọ Wáyà. Ọmọ Wáyà ní, "Òótọ́ ni, sà. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rọ kó má baà gbóná jù." Ọ̀gá náà jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ráàmù. Ìyàwó mi dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì sọ fún un pé kó padà sórí àga rẹ̀.

Àǹtí ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n ń pariwo pé ìyàwó àwọn ti yege, kí aláìsàn tó lè dìde kó dìde. Nọ́ọ̀sì kékeré kan sáré jáde, ó fi ìka sí ètè, ó ní kí Màmá yìí jọ̀ọ́ kí wọ́n dákẹ́.

Ìyàwó mi di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú. "Mo bẹ̀ ọ́," ló wí, "jẹ́ kí wọ́n máa pariwo."